Ẹ̀yin ọmọ Okun tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ nílùú ọba, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá

Okun o, ẹ̀yin ará Kabba, Isanlu, Mopa, Egbe àti gbogbo yín tẹ́ ẹ̀ ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n á ti sọ̀rọ̀ òtútù àti owó ilé fún yín, ṣùgbọ́n ta ló sọ ti ajá? Nílé lọ́dọ̀ wa, ajá a máa rìn káàkiri àdúgbò, tó bá gbó mọ́ àlejò a ó ní "má sá, kì í gé èèyàn jẹ," ó parí. Níbí, ìyẹn ò gba ẹni tó ni ajá lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Àtọdún 1991 ni òfin ajá tó léwu ti wà ní England àti Wales. Ẹ di èyí mú: òfin ò dúró dìgbà tí ajá bá géni jẹ. Tí ẹlòmíì bá ti rídìí tó fi yẹ kó bẹ̀rù pé ajá yín máa ṣe òun léṣe, ọ̀ràn ti dé nìyẹn, kódà látọdún 2014 ó kan inú ilé àti gádìnì yín náà, kì í ṣe títì nìkan. Tó bá ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 5, tó bá pààyàn ó lè tó 14.

Irú ajá 5 ni wọ́n fòfin dè: Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino, Fila Brasileiro àti XL Bully. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ wá gba ọmọ ajá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, torí ìrísí ni ọlọ́pàá ń wò, kì í ṣe orúkọ tẹ́ni tó fún yín pè é. Ajá tí òfin gbà náà gbọ́dọ̀ ní microchip (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín), kó sì ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín lọ́rùn tó bá jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe iṣẹ́ care (títọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera nílé wọn) ni mò ń rò jù, torí ilé onílé lẹ ó máa wọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kí wọ́n ti ajá mọ́ yàrá míì, ẹ má tijú, kì í ṣe àfojúdi. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúró síta kẹ́ ẹ pe mánéjà. Ẹ má sì ki ìka bọ ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lára ilẹ̀kùn láé, ajá lè wà lẹ́yìn ẹ̀.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó gé yín jẹ, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú egbò, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lọ́jọ́ náà. 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lẹ ó pè tí ajá bá ṣì ń lé èèyàn, tó bá ti lọ, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101.