Bí a ṣe ń fi kámẹ́rà mirrorless àwọn oníṣẹ́ wé kámẹ́rà súùmù gígùn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n

Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta kámẹ́rà ni pé, "Èwo ló ń fa ọ̀nà jíjìn jù nínú wọn?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló yẹ kí ènìyàn fi náwó. Kámẹ́rà kan wà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó lè fa ohun tó wà lókèèrè sún mọ́ni ju èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ tí yóò já ẹni tó rà á kulẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ju ọ̀nà jíjìn lọ. Nítorí náà, kí ènìyàn tó kó owó sílẹ̀, ó yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wọn wò nínú irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò ti máa lò wọ́n gan-an, ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é ni mo sì fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Méjì tí mo mọ̀ dáadáa ni màá fi ṣàlàyé. Èkíní ni Nikon Coolpix P1000, tó jáde ní ọdún 2018 ní nǹkan bí 1,000 dọ́là. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì wọn nǹkan bí kílógíráàmù kan àti ààbọ̀. Èkejì ni Nikon Z8, kámẹ́rà mirrorless àwọn oníṣẹ́, tó jáde ní ọdún 2023 ní nǹkan bí 4,000 dọ́là láìsí lẹ́ǹsì. Kò sí dígí nínú rẹ̀ bíi ti àwọn kámẹ́rà ńlá àtijọ́. Ohun tí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, bá rí gan-an ni ojú ẹni ń rí nínú ihò ìwòran. Bí a bá so lẹ́ǹsì 180-600 mìlímítà mọ́ ọn (bí nọ́ńbà mìlímítà bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fa ọ̀nà jíjìn tó), èyí tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 1,700 dọ́là nígbà tó jáde, ẹrù náà á wọn nǹkan bíi kílógíráàmù mẹ́ta. Ẹni tí 1,000 dọ́là bá pọ̀ jù fún lè wá P900 ti ọdún 2015, tó jáde ní nǹkan bí 600 dọ́là, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé kì í ya RAW, ìyẹn fáìlì tó pa gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí mọ́ láìtíì tún un ṣe; JPEG, èyí tí kámẹ́rà ti tún ṣe tó sì ti fún pọ̀, nìkan ló ń yà. Àìní RAW yìí kì í ṣe nǹkan kékeré, a ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà inú ìpolówó. Wọ́n máa ń sọ pé lẹ́ǹsì P1000 bẹ̀rẹ̀ láti 24 dé 3000 mìlímítà, pé ìlọ́po 125 ni súùmù rẹ̀. Ẹni tó bá wo ara lẹ́ǹsì náà dáadáa yóò rí i pé 4.3-539 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú P1000 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6.2 ní ìbú àti 4.6 ní gíga, kò tó horo ẹ̀wà olóyin kan, nígbà tí ti Z8 jẹ́ 36 sí 24. Nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kékeré náà kì í gbà ju àárín gbùngbùn ohun tí lẹ́ǹsì gbé wá lọ, ohun tí 539 mìlímítà fi hàn lórí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí 3000 mìlímítà ìbá fi hàn lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá. Ibi tí súùmù ti wá nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìnira rẹ̀ ti wá, nítorí pé gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ Z8, ìbú lọ́nà gíga, tó nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n ti P1000. Bí a bá ṣí lẹ́ǹsì méjèèjì sí f/2.8 nínú yàrá kan náà (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó), ìmọ́lẹ̀ tí Z8 yóò kó jọ fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n ju ti èkejì lọ. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, bí ISO bá jẹ́ ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ rí, àwòrán tí P1000 bá yà ní ISO 200 àti èyí tí Z8 bá yà ní ISO 6400 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di hóróhóró bákan náà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í sábà mẹ́nu bà. Mẹgapíksẹ̀lì (mílíọ̀nù píksẹ̀lì, ìyẹn àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán) 45.7 ni Z8 ní, 16 ni P1000 ní. Bí ẹ bá ní kí Z8 lo àárín sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ nìkan, ìyẹn DX tó wà nínú mẹ́nù rẹ̀, lẹ́ǹsì 600 náà á di bí 900 mìlímítà, àwòrán tó bá sì jáde á ṣì ju mẹgapíksẹ̀lì 19 lọ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 900 mìlímítà, P1000 kò ní àǹfààní kankan lórí ọ̀nà jíjìn. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ìdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ohun tí ẹ fẹ́ yà máa ń jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ó yá, ẹ gbé àwọn méjèèjì jáde. Òṣùpá àrànmọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, nítorí pé kì í sá lọ, ó sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lé tráípọ́dù tó dúró ṣinṣin, ẹ fi sí M, níbi tí ẹni tó ń yà á ti ń yan ohun gbogbo fúnra rẹ̀, kí ẹ yan f/8, ìdá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá àti ISO 100, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà yà á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọwọ́ má baà mì ín. Pẹ̀lú súùmù tó fà dé òpin, òṣùpá á kún ojú àwòrán P1000 débi pé òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gé díẹ̀. Ìbú rẹ̀ á tó píksẹ̀lì 3,700. Lórí Z8 pẹ̀lú lẹ́ǹsì 600, píksẹ̀lì 1,250 péré ni yóò jẹ́ láàárín òfuurufú dúdú. Kí ẹ má ṣe torí èyí sọ pé P1000 rí ohun tó tó ìlọ́po mẹ́ta tí Z8 rí. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ ní etí ihò lẹ́ǹsì, bí ihò bá sì ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń rọ̀ tó. Ihò P1000 kò ju mìlímítà 67 lọ nígbà tó bá fà dé òpin, ti lẹ́ǹsì kejì sì lè ṣí tó 95. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ yìí, P1000 kò lójútì rárá. Olùkọ́ tó fẹ́ fi ojú òṣùpá han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ìdí kankan láti ná owó Z8.

Lẹ́yìn òṣùpá, ẹ lọ sí pápá ní kùtùkùtù, níbi tí lékeléke ti ń jẹun láàárín koríko. Mo fẹ́ràn lékeléke fún ìdánwò yìí nítorí pé funfun rẹ̀ kì í fi àléébù kámẹ́rà pamọ́. Ẹ dúró sí ojú kan náà, kí ẹ súùmù títí ẹyẹ náà á fi gba ààyè kan náà nínú àwòrán méjèèjì, kí ẹ sì ya RAW pẹ̀lú méjèèjì. Ẹ wá wo ibi tí oòrùn ti kan ẹ̀yìn ẹyẹ náà àti ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. Nínú àwòrán Z8, ẹ ó rí ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òjìji wẹ́wẹ́ á sì wà láàárín wọn. Nínú ti P1000, pàápàá nínú JPEG, ibẹ̀ lè ti di funfun gbẹ̀ẹ́, kámẹ́rà sì ti pa àwọn ìyẹ́ náà pọ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti mú hóróhóró kúrò. RAW máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí díẹ̀ gbà padà nínú ohun tí JPEG ti jù nù, ìdí sì nìyí tí mo fi kìlọ̀ nípa P900.

Kí ìdánwò yìí parí kí ó tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bí oòrùn bá ti mú, ooru tó ń gòkè láti ara ilẹ̀, ọ̀dà títì àti òrùlé páànù máa ń mú kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n, ohun tó bá sì jìnnà á máa mì bí ẹni pé omi wà níwájú rẹ̀. Kò sí lẹ́ǹsì tó lè wo èyí sàn, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bákan náà ni eruku ọyẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra kámẹ́rà nítorí 3000 mìlímítà ni afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn ju ìdajì rẹ̀ lọ ní ọ̀sán.

Ohun tó ń rìn ni ìdánwò tó le jù. Nígbà tí P1000 bá fà dé 3000, ìbú ohun tó ń rí kò ju díẹ̀ lọ lórí ìbú òṣùpá, nítorí náà àwòdì tó ń fò yóò ti jáde kí ojú yín tó rí i. Bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tó máa ń dá súùmù padà díẹ̀ kí ènìyàn lè wá ohun tó sọnù. Ẹ kọ́ bí a ti ń lò ó kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń lọ síwájú sẹ́yìn kí ó tó mọ ibi tí àwòrán ti mú, ẹyẹ kì í sì í dúró dè é. Ó lè ya àwòrán méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn méje náà á dúró láti kó wọn sínú káàdì. Z8 ń ya ogún RAW láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó mọ ojú ẹyẹ, ó sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ lára ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń fún kámẹ́rà kékeré ní àǹfààní: ibi kan náà ni wọ́n ń padà sí, nítorí náà ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ẹnu ìtẹ́, kí ẹ dì í mú, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì bí ẹyẹ bá ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ibi òjìji. Nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ni a ti lè bá ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Orí igi ló máa ń wà, lábẹ́ ewé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ní irú ibẹ̀, f/8 P1000 máa ń fi ipá mú ISO lọ sókè, dúdú ìyẹ́ ẹyẹ náà á sì pa pọ̀ mọ́ òjìji. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wúlò fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹyẹ, mi ò ní gbà á níyànjú pé kí ó gbé P1000 nìkan wọ igbó.

Ti inú gbọ̀ngàn ìnáwó kò gba àlàyé púpọ̀. Bí iná kò bá tó, tí ìyàwó ń jó wọlé, Z8 pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/2.8 tàbí f/1.8 ni kí oníṣẹ́ gbé lọ. P1000 ní fíláàṣì tirẹ̀, Z8 kò ní. Fíláàṣì náà lè gba ẹni tó wà nítòsí là, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi ìjókòó àwọn òbí ní òpin gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ onínàáwó kò gbọdọ̀ fi P1000 ṣe iṣẹ́ alẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń wo àwọn àwòrán náà, ẹ má ṣe fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, torí pé ó máa ń fún wọn pọ̀, gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá á sì pòórá. Ẹ fi káàdì gbé wọn wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ dín ti Z8 kù sí ìbú píksẹ̀lì 4,608 tí P1000 ń yà, kí ẹ tó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán tí wọ́n ń fi sínú férémù ni ẹ ń tà, ẹ tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde ní ìwọ̀n ínṣì 16 sí 20. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ni àwòrán yín ń dé, ẹ wò ó lójú fóònù, kí ẹ gba ohun tí ẹ bá rí gbọ́. Ìyàtọ̀ tí ẹ kò lè rí níbẹ̀ kò tọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, lẹ́ǹsì ni kí ẹ yẹ̀ wò jù lára P1000. Ẹ fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bí ó bá ń há tàbí tó ń ké, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, nítorí pé eruku tàbí olú tó bá ti wọ inú lẹ́ǹsì tí kò ṣeé yọ, àtúnṣe rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iye tí ẹ rà á. Lára Z8, ẹ yẹ ibi tí lẹ́ǹsì ti ń so mọ́ ọn wò, kí ẹ sì ya ojú ọ̀run ní f/16 láti mọ̀ bóyá àbàwọ́n wà lórí sẹ́ńsọ̀. Ó ní ìbòjú kan tó lè bo sẹ́ńsọ̀ náà bí a bá pa á. Ẹ rí i dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí ẹ bá máa pààrọ̀ lẹ́ǹsì nígbà ọyẹ́. Kí ẹ tún rántí iye káàdì: káàdì SD lásán ni P1000 ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí Z8 sáré bó ti yẹ gbọ́dọ̀ ra CFexpress, tí owó rẹ̀ ga jùyẹn lọ dáadáa. Ẹ mú káàdì tiyín dání lọ sí ìsọ̀, ẹ fi ya àwòrán níta àti nínú ilé, kí ẹ sì gbé e lọ wò lórí kọ̀ǹpútà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.