Ike omi lórí tábìlì ọmọ SS

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ wa, tí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní SS, bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí ike omi rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, kó sì lè lọ tọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ nawọ́. Kíndìnrín wọn kì í lè fa omi padà sára tó ti àwa yòókù, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń gbọ̀n wọ́n lemọ́lemọ́; kì í ṣe àfojúdi rárá. Bí omi bá gbẹ lára wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Òtútù náà ń fà á: láàárọ̀ ọyẹ́ Ìlọrin yìí, ẹ má bọ́ súwẹ́tà lára rẹ̀ torí pé kò bá yúnífọ́ọ̀mù mu. Tó bá pẹ́ dé, ẹ má ní kó kúnlẹ̀ sóòrùn tàbí kó ṣán koríko. Ẹ ní kó nu pátákó. Tí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ tètè bi òbí rẹ̀ ohun tí dókítà wí. Àmọ́ omi kì í ṣe oògùn o: tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, tí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí apá kan rọ lójijì, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de aago ìparí. Nọ́ńbà òbí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ́jísítà lónìí.