Bí a ṣe ń ta ilẹ̀ oko láì pàdánù ọ̀nà àti kòkó inú rẹ̀

Ẹ fẹ́ ta apá kan lára oko yín lẹ́yìn Ifẹ̀, ẹ sì ṣì fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sí oko tó kù, kí ẹ sì máa ká kòkó yín. Ó ṣeé ṣe, bí ọ̀rọ̀ náà bá wọnú ìwé kí owó tó wọlé.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Èyí ò le.

Ẹ wọn ọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà 10 lèmi máa ń mú kí ọkọ̀ lè wọlé. Bí kò bá sí téèpù, okùn tí ẹ ta kókó sí dáa tó, ẹ gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ tó ní láísẹ́ǹsì ni kó ya ọ̀nà náà sínú pílánù ilẹ̀.

Ibi tó ń ṣe àwọn èèyàn báṣubàṣu nìyí: àkọsílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé olùrà “yọ̀ǹda” kí ẹ máa kọjá. Ẹni tó yọ̀ǹda lónìí lè ní òun ò yọ̀ǹda mọ́ lọ́la. Mo mọ bàbá kan ní Ìlódè tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Olùrà tún ilẹ̀ náà tà, olùrà kejì mọ ògiri, ó ti géètì pa. Kòkó pọ́n, kò sẹ́ni tó lè dé ìdí ẹ̀.

Ohun tí èmi máa ń ní kí lọ́yà kọ ni pé: “Mo yọ ẹ̀tọ́ àtigba ọ̀nà yìí sílẹ̀ nínú ohun tí mo tà, fún èmi, àwọn àrólé mi àti ẹnikẹ́ni tó bá ni oko ẹ̀yìn, ó de olùrà àti ẹnikẹ́ni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ti kòkó, ẹ kọ iye igi, ọdún tí yóò parí, àti bóyá ẹ lè gbin òmíràn rọ́pò èyí tó bá kú. Ìwé tó bá dákẹ́, igi á bá ilẹ̀ lọ. Rìsíìtì lásán ò lè gba gbogbo èyí, ẹ má fi owó lọ́yà ṣahun.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ̀ka, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè ìfọwọ́sí gómìnà tàbí ìjọba ìbílẹ̀, bí irú ilẹ̀ náà bá ṣe rí. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìwé àti pílánù lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé ilé yín.