Bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí kernel Linux ṣètò mẹ́mọ́rì dáadáa

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ké pé mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà wọn ti tán, ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á tẹ `free -h`, wọ́n á rí 200 MB lábẹ́ "free", àyà wọn á já. Kernel, ọkàn Linux tó ń pín mẹ́mọ́rì fún àwọn ètò, kì í jẹ́ kí mẹ́mọ́rì jókòó lásán. Fáìlì tó bá ti kà lórí dísìkì, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí àyè tó ṣófo kó má baà tún lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí ètò kan bá bèèrè àyè, á da ẹ̀dà yẹn nù. "available" ni kí ẹ máa wò. Òun ni MemAvailable inú `/proc/meminfo`, ó sì ti wà níbẹ̀ láti kernel 3.14 ọdún 2014.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń lọ́ra kì í sábà jẹ́ pé mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré. Ohun tí kernel yàn láti kó kúrò, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, ló máa ń fa wàhálà. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

## Ẹ wọ̀n ọ́n ná

Ẹ tẹ `vmstat 1`. Ẹ fojú fo ìlà àkọ́kọ́, nítorí ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ẹ ti tan ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo "si" àti "so": so ni ohun tó ń jáde lọ sínú swap (àyè tí kernel ń kó ohun inú mẹ́mọ́rì lọ, orí dísìkì ló sábà máa ń wà), si ni èyí tó ń padà wọlé. Bí so bá ga lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, kò burú, kernel kàn palẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ni. Bí méjèèjì bá jọ ga fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a jẹ́ pé ohun tó ń kó jáde náà ló tún ń sáré lọ gbé wọlé.

Bí kernel yín bá ti tó 4.20, èyí tún dára jù ú lọ:

```
$ cat /proc/pressure/memory
some avg10=12.40 avg60=6.10 avg300=1.95 total=48210377
full avg10=7.85 avg60=5.60 avg300=0.80 total=30117254
```

"some" ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ó kéré tán ètò kan fi dúró de mẹ́mọ́rì. "Full" ni ti àkókò tí gbogbo ètò tó níṣẹ́ lọ́wọ́ jọ dúró. avg10 jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá 10 tó kọjá. Lójú tiwa, bí full avg60 bá ń kọjá 5 lóòrèkóòrè, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń kùn. Bí fáìlì yìí kò bá ṣeé kà, ẹ fi `psi=1` kún ìlà àṣẹ tí kernel fi ń gbéra.

Ẹ tún wo `ps aux --sort=-rss | head`. Ètò tó ń sanra láti àárọ̀ di alẹ́ tí kò fọn rí, kò sí àtúnṣe inú kernel tó lè wò ó sàn. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ SUnreclaim inú `/proc/meminfo` ló ń wú, inú kernel fúnra rẹ̀ ni ẹrù wà, `slabtop -o -s c` yóò sì fi ibi tó kó o sí hàn yín.

## Àmì mẹ́ta tí kswapd ń tẹ̀ lé

Fún ìpín mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan, kernel ní àmì mẹ́ta: min, low àti high. Bí àyè tó ṣófo bá wálẹ̀ kọjá low, kswapd, apá kernel tó ń palẹ̀ mẹ́mọ́rì, á jí, á máa gba àyè padà ní kọ̀rọ̀ títí àyè náà yóò fi tó high, á sì padà sùn. Nígbà yìí, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ètò bá ń gba mẹ́mọ́rì kíákíá ju bí kswapd ti ń palẹ̀ lọ, àyè á já dé min, ètò tó bèèrè mẹ́mọ́rì á sì fúnra rẹ̀ dúró wá àyè. Direct reclaim nìyẹn. Òun ló máa ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà gan pa, tàbí kí sáfà tó ń dáhùn wéré ṣàdédé dákẹ́.

```
grep -E 'allocstall|pgscan_(direct|kswapd)' /proc/vmstat
```

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí allocstall, iye ìgbà tí direct reclaim ti wáyé, bá ń pọ̀ sí i, àlàfo àárín àwọn àmì náà kéré jù fún iṣẹ́ yín. `vm.watermark_scale_factor` ló ń pinnu rẹ̀. 10 ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀, ìyẹn 0.1% mẹ́mọ́rì: nǹkan bí 16 MB lórí ẹ̀rọ 16 GB. Ètò kan lè jẹ ìyẹn tán kí kswapd tó la ojú.

```
sysctl -w vm.watermark_scale_factor=100
```

Àlàfo náà di 1%, nǹkan bí 160 MB. Ẹ tún ka allocstall lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ṣì ń gun òkè, ẹ gbé e dé 200. Àwọn kan máa ń sáré lọ sọ `vm.min_free_kbytes` di ńlá dípò èyí. Ẹ ṣọ́ra fún un: bó bá ga jù, kernel á ka mẹ́mọ́rì sí èyí tó ti tán nígbà tí kò tíì tán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò.

## Swappiness àti zram

`vm.swappiness` kọ́ ni ìdá mẹ́mọ́rì tó gbọ́dọ̀ kún kí swap tó bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ. Ìwọ̀n ni: èwo ló náni jù láti tún gbé wọlé, ohun tí ètò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú mẹ́mọ́rì, tàbí ẹ̀dà fáìlì? 60 ló máa ń wà níbẹ̀. Láti kernel 5.8, ó lè dé 200, 100 sì túmọ̀ sí pé ìnáwó méjèèjì dọ́gba. Bí swap bá wà lórí dísìkì tó ń yí, 10 sí 30 bójú mu. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 0 kò tíì bọ́: fáìlì àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kernel yóò máa dà nù, yóò sì máa tún wọn kà, ẹ̀rọ á sì máa lọ́ra láìsí pé so gbéra rárá.

Lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 8 GB lọ, zram la máa ń kọ́kọ́ fi sí i. Ó ń fún dátà pọ̀, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì náà. Ẹ ṣe é gẹ́gẹ́ bíi root:

```
echo N > /sys/module/zswap/parameters/enabled
modprobe zram
zramctl --find --size 4G --algorithm zstd
mkswap /dev/zram0
swapon -p 100 /dev/zram0
sysctl -w vm.swappiness=150 vm.page-cluster=0
```

Bí zramctl bá dá orúkọ mìíràn padà, òun ni kí ẹ lò. Ìlà àkọ́kọ́ ń pa zswap, tí òun náà ń fún dátà tó ń lọ sí swap pọ̀, kí wọ́n má baà máa fún ohun kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 4G ni ìwọ̀n dátà kí a tó fún un pọ̀. Ìdajì mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ tó. page-cluster tó wà ní 3 máa ń ka page 8 (page ni ègé kékeré tí kernel pín mẹ́mọ́rì sí) lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó dára fún dísìkì ṣùgbọ́n tó jẹ́ àṣedànù lórí zram. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ tẹ `zramctl`, kí ẹ fi DATA wé TOTAL. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, dátà tí a ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí tí a ti fi kọ́kọ́rọ̀ tì ló wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

## Àwọn tó kù

Kernel 6.1 mú MGLRU dé, ọ̀nà tuntun láti mọ page tí a ti pa tì. Bí `/sys/kernel/mm/lru_gen/enabled` bá fi 0x0000 hàn, ẹ kọ y sínú rẹ̀. Kò gba ìṣirò kankan.

Bí ẹ̀rọ bá ń dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń da fáìlì ńlá kọ, dátà tí kò tíì dé dísìkì ló pọ̀ jù. `vm.dirty_ratio` jẹ́ 20: bí 60 GB bá ṣeé lò, 12 GB lè kó jọ, dísìkì tó ń kọ 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò sì fi ìṣẹ́jú 2 kọ ọ́. Ẹ fi `vm.dirty_bytes=268435456` àti `vm.dirty_background_bytes=67108864` rọ́pò rẹ̀.

Ètò kan ṣoṣo tó ń jẹ mẹ́mọ́rì àwọn yòókù, ẹ dè é:

```
systemctl set-property backup.service MemoryHigh=3G MemoryMax=4G
```

Ní 3G, kernel á máa fà á sẹ́yìn. Ní 4G, bí kò bá rí àyè gbà padà, á pa á. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín méjèèjì.

Ní ti `drop_caches` tí wọ́n máa ń fi sí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tí a yàn fún un: ẹ yọ ọ́. Ẹ̀dà fáìlì tó ń dà nù ni ẹ̀rọ yóò tún lọ kà.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ iye àtijọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi sínú `/etc/sysctl.d/90-memori.conf`, kí ẹ tẹ `sysctl --system`. Ẹ rántí pé bí ẹ bá pa fáìlì yẹn rẹ́, iye náà kò ní yí padà títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tan. Dirty_bytes tún ní ti ẹ̀: bí ẹ bá ti kọ ọ́, dirty_ratio á di 0, nítorí náà `vm.dirty_ratio=20` àti `vm.dirty_background_ratio=10` ni ẹ ó kọ láti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.