Ìbọ̀wọ́ síkì: àwọn àṣìṣe tó ń mú kí ọwọ́ gan lórí yìnyín

Síkì ni eré tí wọ́n ń fi pátákó gígùn méjì tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń wọ̀ ṣe é kò ní iná nínú. Ooru ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń há mọ́, afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ohun tí wọ́n kì sí i ló sì fi ń há a. Bí nǹkan bá fún afẹ́fẹ́ yẹn dànù, tí omi bá gba ipò rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé orí ìka, ọwọ́ á gan, iye yòówù kí ẹ rà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa fi bó ṣe nípọn yan ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń lọ ṣe síkì ní òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù á mú èyí tó wú jù lórí àtẹ, á tún wọ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì á fún ara wọn mọ́ ọwọ́, afẹ́fẹ́ á tán láàárín wọn, ìka á sì tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan tó gbà á dáadáa. Téèpù télọ̀ ni kí ẹ fi wọn ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé: ẹ yí i ká ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ̀ jù, ẹ yọ àtàńpàkò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ìwọ̀n 8 ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wò, torí ínǹṣì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìkúùkù. Bí orí ìka bá ń kan òpin, ó kéré. Ẹ wá di ọ̀pá síkì mú nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ bá ká jọ sábẹ́ ìka, ó tóbi jù. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó wọ ìbọ̀wọ́ wúùlù fẹ́lẹ́ sí abẹ́, òun ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbìyànjú rẹ̀. Wúùlù ni o, kì í ṣe òwú: òwú á mu òógùn, á sì di omi tútù mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra "èyí tó máa dàgbà bá". Ọmọ tó bá ilé-ìwé rẹ̀ láti Britain lọ sí France tàbí Austria máa ṣubú léraléra, ọwọ́ ló sì máa fi ti yìnyín dìde. Yìnyín á gba ọrùn-ọwọ́ tó fẹ̀ wọlé. Ìbọ̀wọ́ wúùlù tó fi ń lọ sílé-ìwé náà kò tó. Á rin gbindin kí ọ̀sán tó pọ́n.

Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ nípa mitten, èyí tí àtàńpàkò nìkan ní yàrá tirẹ̀, wọ́n ní ti ọmọdé ni. Ìka mẹ́rin tó ń gbé yàrá kan náà máa ń mú ara wọn gbóná. Èyí tó dá gbé, gbogbo ìhà ni òtútù ti ń bá a. Bí ọwọ́ yín bá máa ń tètè tutù, òun ni kí ẹ mú. Ẹ má sì wo ìwọ̀n òtútù nìkan: ní −10°C, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi −20°C ló máa rí lára, orí àga tó ń gbé ènìyàn gòkè ni ẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá gba àròjinlẹ̀ jù. Lórí òkè Cairngorm ní Scotland, òtútù sábà máa ń wà nítòsí 0°C, yìnyín á rọ̀, òjò á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, yìnyín gbẹ bí ìyẹ̀fun. Ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ìda oyin pa á tó fún ti Colorado. Ti Scotland ń fẹ́ abala fẹ́lẹ́ bíi Gore-Tex nínú, èyí tí kò jẹ́ kí omi wọlé àmọ́ tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin òógùn jáde. Ẹ má jẹ́ kí "water-resistant" lára ìbọ̀wọ́ tàn yín: omi díẹ̀ ló ń gbọ̀n dànù. "Waterproof", èyí tí omi kì í wọ̀, ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ ìbọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ tó ní àmì EN 511, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún ìbọ̀wọ́ òtútù, ẹ wo nọ́ńbà kẹta nínú mẹ́ta tó wà níbẹ̀: 1 ń sọ pé omi kò wọlé nígbà ìdánwò, 0 ń sọ pé ó wọlé. Ní ti ohun tí wọ́n kì sínú ìbọ̀wọ́, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gbóná púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti rin, ó lẹ̀ mọ́ra nìyẹn. PrimaLoft, ohun ìkìnú àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980 láti rọ́pò ìyẹ́, ṣì máa ń mú ọwọ́ gbóná díẹ̀ bó bá tilẹ̀ rin.

Àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Irin ni etí pátákó síkì, wọ́n sì pọ́n ọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá a mú lójoojúmọ́ á rí i bó ṣe ń gé aṣọ náílọ́nù. Okùn tó ń fa akẹ́kọ̀ọ́ gòkè tún máa ń ha á. Nítorí náà, awọ ewúrẹ́ ni kí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́, tàbí ti màlúù, tó nípọn ju ti ewúrẹ́ lọ ṣùgbọ́n tó le díẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi awọ kejì lé àárín àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, níbi tí ọ̀pá ti ń gbo ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi orí ìka kọ̀ọ̀kan fà á bọ́. Bí aṣọ inú bá tẹ̀ lé ìka jáde, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá làágùn, gbogbo rẹ̀ á lọ́ pọ̀, ìka kò sì ní ráyè wọlé mọ́.

Ẹ fi ìda oyin pa awọ kí ẹ tó lò ó rárá, pàápàá lójú ìránsọ, ẹ sì tún un pa nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ dípò kó máa yọ̀ dànù. Òróró ìsebẹ̀ kọ́ o, yóò kan.

Sísá ìbọ̀wọ́ tó rin sórí rẹ́dìétọ̀, irin gbígbóná tó ń mú yàrá móoru, ló ń ba èyí tó dára jù jẹ́. Iná á mú kí awọ le kó sì là, gọ́ọ̀mù tó mú abala inú dúró á sì tú. Bí aṣọ inú bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ na ẹnu rẹ̀ sókè nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Aṣọ inú méjì tó ṣeé pààrọ̀ ní ọ̀sán wúlò ju ìbọ̀wọ́ olówó ńlá kan lọ.

Bí ìka bá funfun, tí kò sì mọ nǹkan mọ́, ẹ wọlé kíá, ẹ fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá. Ẹ má fi yìnyín ra á. Ẹ má nà án síná pẹ̀lú, torí ìka tó ti kú tipiri kò ní mọ̀ nígbà tó bá ń jóná.