Ẹ́ńjìnì rélùwéè kékeré mi ń wọ́ bí ìgbín, ó tún ń jábọ́ lójú irin, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìlú Oǹdó ni mo wà. Bọ̀dá mi ló fi ẹ́ńjìnì yìí ránṣẹ́ láti London, OO ni wọ́n kọ sí páálí ẹ̀. Nígbà tó dé ó ń sáré dáadáa, àmọ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín, tí mo bá fọwọ́ tì í á sún díẹ̀, á tún dúró. Ṣé mọ́tọ̀ ẹ̀ ti jóná ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́ má tíì tú u o. OO tí wọ́n kọ yẹn, ìwọ̀n rélùwéè ìṣeré náà ni. Ojú irin méjèèjì yẹn gan-an ni wáyà ẹ̀, wíìlì ló ń gba iná lára irin lọ fún mọ́tọ̀, fóòtì (volt) 12 péré sì ni gbogbo iná ẹ̀, ìwọ̀nba eruku tó o lè má fojú rí ti tó láti dí i lọ́nà. Kọ́kọ́ ṣe èyí: gbé ẹ́ńjìnì náà dojú dé, kó o fi wáyà méjì láti ara transformer rélùwéè náà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fún ojú irin níná, kan wíìlì ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Tó bá ń yí wìììì, mọ́tọ̀ ò ní nǹkan, ojú irin ló dọ̀tí. Ìdọ̀tí ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lásìkò ọyẹ́ yìí, torí èmi tí mo wà l'Ákùúrẹ́ níbí, tí mo bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó dọ̀sán mo lè fìka kọ orúkọ mi sí i.

Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ní kí wọ́n bù díẹ̀ fún ẹ nínú isopropyl tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù. Ta á sí aṣọ funfun, fi nu orí irin títí aṣọ náà ò fi ní dúdú mọ́, wíìlì náà bákan náà. Má fi sáńpépà họ ọ́ láéláé, ojú ibi tó bá họ yẹn ni ìdọ̀tí máa ń sá sí.

Ìbéèrè: Mo ti nù ún, ó dáa sí i, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ó tún máa ń rọ̀.

Ìdáhùn: Ìyẹn wà níbi tí irin ti so pọ̀. Páànù kékeré tó so wọ́n á ti tú. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó, fóòtì 12 nídìí transformer, 8 lọ́hùn-ún. Mo fi pláyà fún àwọn páànù yẹn pọ̀, mo tún fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mìíràn mọ́ irin ìparí, ó parí nìyẹn.

Ìbéèrè: Tó bá tún ń jábọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ṣé ibì kan náà ló ti ń jábọ́, àbí ibi gbogbo? Tó bá jẹ́ ibì kan náà, tí ẹ́ńjìnì mìíràn náà sì ń jábọ́ níbẹ̀, irin ni. Fi èékánná wọ́ ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀, tó bá kọ́ ẹ, ó ga jura wọn lọ. Wo pákó abẹ́ ẹ̀ náà, plywood máa ń wú lásìkò òjò, á wá gbẹ nígbà ọyẹ́, á wọ́. Kọ́nà náà ńkọ́? Àwọn ẹ́ńjìnì OO gígùn mìíràn ò lè gba kọ́nà tó ká jù, tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 371 mm, 438 ni wọ́n ń fẹ́.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló ń jábọ́ kiri ibi gbogbo, wíìlì ẹ̀ ni kó o wò. Láàárín irin méjèèjì jẹ́ 16.5 mm, láti ẹ̀yìn wíìlì kan sí ẹ̀yìn ìkejì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 14.5. Yá caliper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kékeré, kó o fi wọ̀n ọ́n. Tó bá ti fún jù tàbí tó fẹ̀ jù, rọra tì í, kí ó má yí.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi òróró sí i?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí áàsù, irin tó so wíìlì méjì pọ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ ni èmi máa ń to tèmi sí nígbà kan, ìyàwó mi sì máa ń dirun níbẹ̀, ọjọ́ tí mo dojú ẹ́ńjìnì dé, irun attachment ló ti we mọ́ áàsù bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́, mo fi twísà fà á jáde díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn lo lè wá fi òróró tó fẹ́lẹ́, tí kì í jẹ ike, sí i. Orí abẹ́rẹ́ ni kó o fi kán an, ẹ̀kán kan níbi áàsù, kó má dé orí wíìlì o, tórí tó bá débẹ̀, á tún gbé eruku mọ́ra.