Bí o ṣe lè ṣètò kọ́ńsáàtì tí dùndún àti fáólíìnì jọ ń ṣiṣẹ́

Ilé onílù ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o tó lọ gba gbọ̀ngàn. Ohun tí mo máa ń sọ nìyí fún àwọn ọ̀dọ́ adarí akọrin tó bá wá bá mi n'Ìbàdàn, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ti máa ń sanwó gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti pe àwọn onífáólíìnì, tí wọ́n ti tẹ ìwé ètò tán, kí wọ́n tó rántí onílù nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Onílù tí a pè báyẹn, ọ̀ṣọ́ lásán la fi í ṣe. Yóò lùlù kí àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọlé, yóò sì lọ jókòó. Orin méjì kò tíì pàdé níbẹ̀ yẹn.

Tí o bá dé agbo ilé àwọn Àyàn, kí àgbà bó ṣe yẹ, sọ ohun tó gbé ọ wá, kí o sì sọ̀rọ̀ owó láìfi bọpo bọyọ̀. Iye tí o bá máa san fún olórí àwọn onífáólíìnì ni kí o san fún oníyàálù, ẹni tó ń lu ìyáàlù tó ń darí àwọn ìlù yòókù. Lójú mi, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu kọ orin náà fún un. Bàbá onílù tí èmi ń bá ṣiṣẹ́ kì í béèrè pé ìlù mélòó ni mo fẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ìyá Akọrin, kí ni orin yìí ń sọ?" Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ náà sì ni wọn yóò fi ìlù sọ. Nítorí náà, má mú ìwé orin nìkan lọ síbẹ̀.

Ó wá kan orin tí ẹ máa kọ. Bí o bá fẹ́ orin fáólíìnì, African Suite tí Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀, kọ ní 1944 wà níbẹ̀, apá márùn-ún ni. Ọdún 1905 ni wọ́n bí Sowande, orin Ephraim Amu ará Ghana ló sì wà nídìí apá àkọ́kọ́. Olókùn nìkan, ìyẹn àwọn tó ń lo ohun èlò olókùn bíi fáólíìnì, ló kọ ọ́ fún, nítorí náà jọ̀wọ́, má ṣe fi ìlù kún un. Sowande ti fi ìlù sínú ọwọ́ àwọn onífáólíìnì fúnra wọn, wàá gbọ́ ọ bí wọ́n bá ta á dáadáa. Bí o bá fẹ́ orin tí ìlù gan-an ní àyè tirẹ̀ nínú, wá Igi Nla So tí Akin Euba kọ fún dùùrù àti ìlù Yorùbá ní 1963. Ti akọrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ T. K. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962.

Mo fẹ́ dúró lórí Phillips díẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ orin tuntun. Àwọn orin ìsìn tí a kọ́kọ́ gbà, ohùn òyìnbó ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, ọ̀rọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu akọrin. Phillips fi ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìwọ náà, fi ẹnu sọ gbólóhùn náà gẹ́gẹ́ bí wàá ṣe sọ ọ́ nínú ilé, kí o tó wá ohùn orin fún un. Bí ó bá bá a mu, ìyáàlù yóò lè tún un sọ lẹ́yìn akọrin, gbogbo ilé yóò sì gbọ́ ohun tó sọ. Ibi tó ti máa ń le ni ohùn mẹ́rin. Bí sopránò, ohùn obìnrin tó ga jù, bá ń gòkè tí béèsì, ohùn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ jù, ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ béèsì ti dàrú nìyẹn. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé kí gbogbo akọrin jọ kọ ohùn kan náà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, tàbí kí ohùn méjì máa tẹ̀lé ara wọn lókè àti nísàlẹ̀, kí àwọn ìyókù kàn máa fa "à" tàbí "ò" lábẹ́ wọn.

Kí ohùn ìlù àti ti fáólíìnì tó rẹ́, ìwọ ni wàá wá ọ̀nà. Ohùn A tó jẹ́ 440 ni fáólíìnì máa ń gbà lára dùùrù. Dùndún kò ní irú ojúkò bẹ́ẹ̀. Bí onílù bá ṣe fún okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀ ni ohùn ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Má bá oníyàálù jà pé kó gbé ìlù rẹ̀ sórí C. Gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan, ni kí o gbọ́, nítorí ohùn tirẹ̀ kì í rìn. Wá ohùn yẹn lórí dùùrù, kí o sì yan kíì orin rẹ, ìyẹn ohùn tí dó rẹ̀ máa wà, kí ohùn gúdúgúdú lè bọ́ sí dó tàbí sọ́. Bí ó bá ku díẹ̀, onílù lè fi ìda tó wà láàrin awọ rẹ̀ tún un ṣe. Rírọ orin náà sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí ìwé kò ná ọ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìlù tí a fipá mú kì í dún.

Nígbà ìdánrawò àkọ́kọ́, kí onífáólíìnì má tíì fọwọ́ kan fáólíìnì. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ìlù agogo, kónkóló tí gbogbo wa mọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn sì máa tẹ ìlù mẹ́rin tó wà nínú ìdíwọ̀n 12/8 tí wọ́n ń rí lórí ìwé orin. Ó máa ń pẹ́ kó tó wọra, ẹ ní sùúrù. Onílù ní tirẹ̀ kò nílò nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìwé orin. Ìlà ọ̀rọ̀ tí áltò, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ sopránò, ń kọ kí onílù tó wọlé ni kí o fi hàn án. Bákan náà, kí oníyàálù kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tí yóò fi ìlù sọ nígbà tó bá fẹ́ parí, bí àpẹẹrẹ "Ó tó, ẹ dúró ná," kí ó wá lù ú títí olókùn kọ̀ọ̀kan yóò fi dá a mọ̀. Níbi tí ìlù bá ti ń darí, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀, kí ojú gbogbo wọn wà lára ìyáàlù.

Fún olókùn bíi mẹ́wàá, ìyáàlù kan, kẹríkẹrì kan (dùndún tó ń tẹ̀lé ìyáàlù) àti gúdúgúdú kan ti tó. Fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, níbi tí ìwọ àti oníyàálù ti lè rí ojú ara yín, kí o tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ wọn. Ìyáàlù kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn fáólíìnì ló lè nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù máa ń yí ohùn awọ padà, nítorí náà jẹ́ kí àwọn ìlù ti wà nínú gbọ̀ngàn ṣáájú, kí wọ́n sì tún ohùn wọn ṣe níbẹ̀. Béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà kí o tó san owó gbọ̀ngàn.

Sọ fún àwọn òǹwòran níbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí wọ́n lè dáhùn sí ìlù àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Mo máa ń fi àyè oríkì sí àárín ètò, kí ẹni tó bá fẹ́ náwó fún onílù lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdí orin lọ́wọ́. Ti àwọn onílù ni owó yẹn, má yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ jọ ṣàdéhùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí o san ìyókù, kí wọ́n tó kó ìlù sínú ọkọ̀.